"or" kan tó fẹ́ kó bá mi ní Lágéré

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Java, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ni mo bá dé lónìí, àmọ́ ẹni tí ò bá kọ kóòdù náà lè máa kà á lọ, ẹ̀rín wà nínú ẹ̀.

Ìyá kan wà ní Lágéré níbí nínú Ifẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń tà, èmi ni mo ṣe sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń kọ oníbàárà sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí màmá bá ti béèrè nǹkan tuntun ni mo ń kọ method (àṣẹ) tuntun sínú repository, ibi tí kóòdù ti ń bá dátábéésì sọ̀rọ̀, bíi findByGbeseGreaterThanAndAdugbo, ọ̀la ó tún gùn sí i, ó wá ń dà bí oríkì. Ó sú mi. Mo bọ́ sórí Specification inú Spring Data JPA, irinṣẹ́ Java tó ń bá dátábéésì ṣiṣẹ́: kọ́ńdíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan dá dúró lórúkọ ara ẹ̀, jeGbese, niSabo, niMayfair, èyí tó bá wù mí ni mo fi and, or, not so pọ̀. Bí jeGbese (gbèsè ẹ̀ ju òdo lọ) ṣe rí rèé:

(root, query, cb) -> cb.greaterThan(root.get("gbese"), 0)

Kí repository yín ṣáà jogún JpaSpecificationExecutor, findAll, tó ń wá àwọn oníbàárà jáde, á gba Specification náà.

Ó dáa. Màmá ní kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn tó jẹ wọ́n lówó ní Sábó àti Mayfair. Mo kọ ọ́ wàràwàrà:

jeGbese.and(niSabo).or(niMayfair)

Ká tó wí ká tó fọ̀, fóònù màmá ò sinmi mọ́. Bàbá kan ní Mayfair, tó jẹ́ pé owó lọ́wọ́ ọjà lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń rà, ní "Ìyá, èmi lẹ wá ń pè ní onígbèsè?" Màmá yíjú sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo kọ sí wọn?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ so ló máa kọ́kọ́ wọnú bíráákẹ́ẹ̀tì. Onígbèsè Sábó, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gbé Mayfair, ì báà jẹ gbèsè ì báà má jẹ ẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

jeGbese.and(niSabo.or(niMayfair))

Mo ti tan spring.jpa.show-sql báyìí, tó ń fi ìbéèrè SQL tí kóòdù ń bi dátábéésì hàn mí; apá WHERE, níbi tí kọ́ńdíṣọ̀n wà, ni mo máa ń kà kí n tó fi nǹkankan ránṣẹ́.

Màmá ní kí èmi fúnra mi pe bàbá. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n ò bínú mọ́, wọ́n kàn ní kí n yọ orúkọ àwọn kúrò nínú "ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kọ yẹn" pátápátá. Bí Specification.not(babaMayfair) ṣe wọnú kóòdù mi nìyẹn o.