Páwà páàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí mo ṣe sọ kọ̀ǹpútà bàbá mi di ti géèmù

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbá géèmù kì í ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe géèmù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Dell OptiPlex 7010 ni, oríṣi tí ó dúró lóòró. Bàbá mi rà á ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2016 fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn ní Station Road, níhìn-ín ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti lẹ́tà ìwáṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra laptop, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Gbé e lọ sílé, má jẹ́ kí ó jókòó lásán. Kò tíì rẹ ẹ̀rọ yẹn.” Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ń kọ èyí nítorí pé irú kọ̀ǹpútà yìí pọ̀ ní igun ilé wa káàkiri ìlú yìí, tí àwọn tí ó ni wọ́n sì rò pé kò sí ohun tí a tún lè fi wọ́n ṣe.

Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-3470 ti Intel, RAM 4GB (ibi tí ó ń kó ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí), hard disk 500GB tí fáìlì ń gbé, àti páwà páàkì 275 wátì, èyí tí ń pín iná fún gbogbo inú rẹ̀. Kò ní graphics card, káàdì tí ń ṣe àwòrán fún mọ́nítọ̀. Láti ara processor ni àwòrán ti ń jáde. Ọdún 2012 ni Intel gbé processor yìí jáde, ṣùgbọ́n kí ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nígbà tí géèmù GTA V dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Core i5-3470 yìí gan-an ni àwọn tí ó ṣe é dárúkọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbádùn rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú RAM 8GB àti graphics card GTX 660. Nígbà tí mo ka èyí, inú mi dùn débi pé mo ti ra graphics card kí n tó ṣí àpótí náà wò rárá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ọ̀gá kan tí ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó ta graphics card GTX 960 fún mi. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé páwà páàkì tèmi á lè gbé e?” Wọ́n ní, “Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Bí o kò bá rí wáyà tí ó bá ẹnu rẹ̀ mu, mo ní èyí tí a fi ń so ó.” Wọ́n fún mi ní wáyà kúkurú kan tí ó ní ẹnu SATA (irú èyí tí a fi ń fún hard disk ní iná) ní apá kan, tí ó sì ní ẹnu onírin mẹ́fà ní apá kejì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, ó tàn. Mo ṣí géèmù náà. Bí ìlú inú rẹ̀ ṣe ń yọ lójú mọ́nítọ̀ báyìí ni gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé wọ́n mú iná lọ, nítorí pé gílóòbù ṣì ń tàn lókè orí mi, fáànù sì ń yí. Mo gbé imú sún mọ́ ẹ̀yìn àpótí, òórùn rọ́bà jíjó ni mo gbọ́. Nígbà tí mo yọ wáyà kúkurú náà, ẹnu rẹ̀ tí ó funfun nígbà tí mo rà á ti pọ́n bí etí dòdò tí epo gbígbóná jó, ike rẹ̀ sì ti yọ́ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn irin inú rẹ̀. Àyà mi já. Bí mo bá ti jáde lọ ra nǹkan ní àkókò yẹn, n kò mọ ohun tí ǹ bá padà wá bá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ṣírò, ìdí nìyẹn tí ó fi dùn mí pé n kò ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ihò tí a ń ki graphics card bọ̀ lórí motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, kò lè fún un ní ju 75 wátì lọ. GTX 960 lè gba tó 120 wátì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí ìyókù láti inú wáyà onírin mẹ́fà tí ó ń bọ̀ tààrà láti ara páwà páàkì, èyí tí a ṣe kí ó lè gbé 75 wátì mìíràn. Páwà páàkì tèmi kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ẹnu SATA tí a fi rọ́pò rẹ̀, hard disk ni a ṣe é fún: irin mẹ́ta ni ó ń gbé iná 12 fóltì nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju ámúpù kan ààbọ̀ lọ, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 54 wátì lọ. Káàdì kì í sì í sábà gba gbogbo 75 wátì inú ihò náà tán kí ó tó fa ti wáyà, nítorí náà ohun tí ó ń fà láti ara wáyà lè ju 54 wátì lọ. Ẹrù ràkúnmí ni a gbé ka ewúrẹ́ lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé wáyà bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dá a padà fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kí ẹ ka ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ara páwà páàkì, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà onírin mẹ́fà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ẹ kàn pààrọ̀ páwà páàkì, èyí sì ṣeé ṣe lórí 7010 nítorí pé ẹnu onírin 24 tí ó wọ́pọ̀ ni ó ń lò. Ṣùgbọ́n lórí 7020 àti 9020 tí ó tẹ̀ lé e, Dell yí ẹnu náà padà sí onírin mẹ́jọ tiwọn, èyí tí páwà páàkì ọjà kò lè wọ̀ láìsí wáyà tí ń yí ẹnu kan sí òmíràn. Èmi kò pààrọ̀ tèmi. Àwọn tí kò lórúkọ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n kọ 500 wátì sí lára tí wọ́n sì fúyẹ́ bí ike, kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, pàápàá pẹ̀lú bí iná wa ṣe ń lọ sókè sódò.

Lẹ́yìn àrọwà díẹ̀, ọ̀gá náà gba GTX 960 padà, mo sì fi owó lé e láti mú GTX 1050 Ti. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni káàdì yìí jáde. Ó ní 4GB tirẹ̀, 75 wátì ni gbogbo ohun tí ó nílò, láti inú ihò motherboard nìkan ni ó sì ti lè rí i gbà. Síbẹ̀, ẹ yí i wò dáadáa, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ihò onírin mẹ́fà sí tiwọn. GTX 1650 ti ọdún 2019 lágbára jù ú lọ, ó sì ní oríṣi tí 75 wátì tó, ṣùgbọ́n owó mi kò tó o.

Ayédèrú 1050 Ti wà lọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún. Àwọn kan a máa mú káàdì àtijọ́ bíi GTS 450 tàbí GTX 550 Ti, wọn a yí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ padà kí kọ̀ǹpútà lè máa pè é ní 1050 Ti. Bí mo bá rí ihò VGA (ihò àtijọ́ tí a fi ń so mọ́nítọ̀) lára ohun tí wọ́n ń pè ní 1050 Ti, ara máa ń fu mí, nítorí pé ẹ̀yà tí NVIDIA, ilé iṣẹ́ tí ó ni í, fi ṣe ojúlówó kò ní àwòrán VGA nínú rẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá náà jẹ́ kí n fi GPU-Z wò ó níbẹ̀ kí n tó sanwó. Ètò kékeré tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó sì máa ń kọ FAKE gàdàgbà síwájú orúkọ káàdì tí ó bá jẹ́ ayédèrú. Àìní VGA yẹn náà ni ó jẹ́ kí n ra ohun tí ń sọ HDMI (ihò mọ́nítọ̀ ti òde òní) di VGA, nítorí pé mọ́nítọ̀ bàbá mi kò ní ihò mìíràn.

Kí n tó fi káàdì tuntun náà sí i, mo jókòó ti àpótí náà ní ọ̀sán Sátidé kan. Eruku ọyẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti dì mọ́ ara fáànù processor bí òwú, búlóà ni mo sì fi fẹ́ ẹ lójúde. Mo tú fáànù náà. Òróró funfun tí ó yẹ kí ó wà láàrin òun àti processor láti máa gbé ooru kúrò ti gbẹ bí àṣáró tí ó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Mo fi òwú àti spírítì nù ún títí orúkọ Intel fi hàn kedere, mo sì fi òróró tuntun tí kò ju ẹ̀wà kan lọ sí àárín rẹ̀. Ooru processor náà tí ó ń tó dígírì 91 nígbà géèmù kò ju 67 lọ mọ́. Owó tí ó kéré jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni mo ná sí ibẹ̀.

RAM kò ní wàhálà. Oríṣi RAM tí a ń pè ní DDR3, ti desktop, ni ó ń lò, kì í ṣe kúkurú ti laptop. Mo ra 4GB méjì tí ó bára wọn mu, mo sì ki wọ́n bọ inú ihò méjì tí àwọ̀ etí wọn jọra kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí pé ẹyọ 8GB kan ṣoṣo kì í yára tó méjì tí ó jọ ń gbé ẹrù náà.

SSD 240GB, ibi ìpamọ́ tí ó yára ju hard disk lọ, ni mo fi Windows àti géèmù sí. Mo fi aago fóònù ka bí ó ṣe ń tàn: ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún ni báyìí. Àwọn ihò SATA orí bọ́ọ̀dù rẹ̀, níbi tí a ń so hard disk àti SSD mọ́, kò dọ́gba, méjì péré ni ó yára tó 6Gb/s (gígábíìtì mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ọ̀kan nínú wọn ni kí ẹ wá fún SSD.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà. Processor lè gba 77 wátì, káàdì 75, bí a bá sì fi mọ́nítọ̀ àti ìyókù kún un, ó sún mọ́ 200 wátì. UPS tí mo gbé sábẹ́ tábìlì kì í ṣe kí n lè máa gbá géèmù lọ nínú òkùnkùn. Kí n lè pa ẹ̀rọ náà dáadáa nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni mo ṣe rà á.

Ó ní ibi tí agbára ẹ̀rọ yìí mọ. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú processor Intel tí ó kéré sí ìran kẹjọ. Ìran kẹta ni tèmi. N kì í fi í wọ báńkì, géèmù ni mo fi í sílẹ̀ fún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi Core i7-3770 rọ́pò i5 náà, ìjókòó kan náà sì ni méjèèjì ń lò lóòótọ́. Ó máa ran géèmù tí ó nílò iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní AVX2, àkójọ àṣẹ ìṣirò kan tí Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí processor wọn ní ọdún 2013, tí àwọn géèmù tuntun kan kò sì ní ṣí láìsí i. Nítorí èyí, mo fi owó i7 pamọ́ fún kọ̀ǹpútà mìíràn.

Lójú mọ́nítọ̀ 1440×900 yìí, GTA V ń sáré dáadáa bí mo bá ti rẹ òjìji sílẹ̀ díẹ̀. Hard disk àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí náà pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ bàbá mi. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá wọ́n wá, wọ́n ní kí n bá wọn wá ìwé ètò ìsìnkú kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2018, nítorí pé ẹbí náà tún fẹ́ ṣe ìrántí. Mo dá géèmù dúró, mo ṣí i, ó jáde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí àpótí náà bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Kò gbóná mọ́.”