Ogun Àna: Ọjọ́ Kan Láàrin Pápá Ogun àti Ilé Olódi Northumberland

Bàbá ìyàwó mi fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn ní Iléṣà. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Newcastle, wọn ò bèèrè ṣọ́ọ̀bù, wọn ò bèèrè pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ibi tí ọba Skọ́tlándì kú sí lójú ogun làwọn fẹ́ rí. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, n ò yà síbẹ̀ rí.

Orúnkún wọn ò gba wàhálà bọ́ọ̀sì mọ́, ká sọ̀ níhìn-ín ká tún wọ òmíràn lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀sì ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn abúlé ẹnu ààlà Íńgílándì àti Skọ́tlándì yẹn. La bá háyà ọkọ̀ tòun ti awakọ̀, láti àárọ̀ dalẹ́. Owó rẹ̀ wọni lára, n ò ní parọ́. Ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Leeds bá mi dá sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò ráyè bá wa lọ. Ọmọ bíbí Northumberland ni awakọ̀ náà, ó ti ṣe iṣẹ́ oko kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlejò kiri. Ó mọ ilẹ̀ náà débi pé ó máa ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, kó máa fi èkejì nàka sí òkè. Bàbá ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú.

A gba A697 lọ sápá àríwá. Ó lé ní wákàtí kan ká tó dé Branxton, abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí odò Tweed. Àgọ́ fóònù pupa ayé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ di ibi tí àlejò ti lè ka nǹkan nípa ogun Flodden, ogun tí ọba náà kú sí. Ẹ ó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ gun òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Piper's Hill. Àgbélébùú òkúta tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1910 wà lórí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ti àwọn akọni orílẹ̀-èdè méjèèjì ni. Kò sí géètì, kò sẹ́ni tó ń gba owó. Oko ló yí i ká.

Awakọ̀ wa ò jẹ́ ká wo àgbélébùú náà pẹ́. Ó ní ká kọjú sí gúúsù. "Orí òkè iwájú yín yẹn làwọn ará Skọ́tlándì wà. Ibi tí ẹ dúró sí yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀. Ẹ wá wo àárín." Mo wo àárín, n ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo gba ẹ̀bá oko sọ̀kalẹ̀, nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, omi ń sun láàrin koríko, bàtà mi sì rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ ò lè mọ̀ láti òkè pé irà wà níbẹ̀. James Kẹrin, ọba Skọ́tlándì, náà ò mọ̀.

Ìyẹn ní 9 Oṣù Kẹsàn-án 1513. Henry Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ń jagun lọ́wọ́ ní Faransé. Faransé bẹ James pé kó gba ẹ̀yìn ràn àwọn lọ́wọ́, ó sì kó ọmọ ogun àti àgbá ogun ńláńlá kọjá odò Tweed wọ Íńgílándì. Earl ti Surrey, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ni wọ́n ní kó lọ pàdé rẹ̀. Bàbá arúgbó yìí ò kọlu òkè tí James ti mọdi sí. Ó pẹ́kọrọ yọ sí i láti àríwá, ó dí ọ̀nà ilé mọ́ ọn, ni James bá sáré ṣí lọ sórí òkè Branxton. Àgbá rẹ̀ wúwo, ó sì ṣòro láti dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúyẹ́, wọ́n sì ń yìn ín sí ibi tó yẹ. Làwọn ará Skọ́tlándì bá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tó gùn tó mítà márùn-ún. Irú ọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ dára bí gbogbo yín bá tò ṣánṣán, tí ẹ ń rìn pọ̀. Irà yẹn ló tú ìlà wọn ká. Ohun ìjà tó ní ìkọ́ àti ojú bí àdá ló wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò gùn púpọ̀, wọ́n sì fi ń gé ọ̀kọ̀ náà lórí bí ẹní ń gé ìrèké. Kó tó di alẹ́, ọba ti kú nítòsí ibi tí Surrey wà, pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ tí àwọn òpìtàn sábà máa ń fojú bù sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Bàbá ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o mọ̀ pé àna ni wọ́n?"

Mi ò mọ̀. Margaret, ẹ̀gbọ́n Henry, ni James gbé níyàwó ní 1503. Catherine, aya Henry, ló ń mójú tó ìlú nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Faransé, òun ló sì fi lára aṣọ James ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó rí i. Bàbá mirí. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni!" Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí èmi náà máa ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ àna yìí la gbé wọkọ̀ lọ sí Berwick, ìlú kan lẹ́nu ààlà. Òkè Halidon wà lẹ́yìn ìlú náà. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí rẹ̀, inú Bàbá sì dùn sí ìyẹn. Ẹ óò rí Berwick àti òkun kedere láti ibẹ̀. Ní 19 Oṣù Keje 1333, Edward Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ti sé Berwick mọ́, àwọn ará Skọ́tlándì sì wá gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní láti sọ̀kalẹ̀, gba inú irà kọjá, kí wọ́n tún pọ́nkè bọ̀ wá bá àwọn tafàtafà tó ń dúró dè wọ́n. Irà tún rèé o! Ọfà rọ̀ lé wọn lórí bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ní ọjọ́ kejì, Berwick ṣílẹ̀kùn. Ta sì ni ọba Skọ́tlándì nígbà náà? David Kejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n ti fi Joan, àbúrò Edward, fún ní 1328 kí ogun lè tán. Bàbá ò tiẹ̀ bínú mọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ilé olódi Berwick fúnra rẹ̀ kò kù púpọ̀. Wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin sórí gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. Ibi tí Edward Kìíní ti kéde ní 17 Oṣù Kọkànlá 1292 pé John Balliol ni yóò jọba Skọ́tlándì, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń dúró de rélùwéè báyìí.

Bamburgh ló lẹ́wà jù. Àpáta dúdú ńlá kan yọ létí òkun, ilé olódi jókòó lé e lórí, iyanrìn funfun wà nísàlẹ̀. Nígbà tí Edward Kẹta ń sé Berwick mọ́, ibẹ̀ ni Philippa aya rẹ̀ wà. Àwọn ará Skọ́tlándì lọ ká a mọ́bẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè fi Berwick sílẹ̀ wá gbà á. Ọkọ ò mira; ó gbọ́kàn lé ògiri. Ògiri ọ̀hún ló wá wó ní 1464 nígbà tí wọ́n kó àgbá wá bá a, tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Newcastle. Òun ni ilé olódi àkọ́kọ́ ní Íńgílándì tí àgbá ṣẹ́gun. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ẹni tó rà á ní 1894: William Armstrong, tó ń rọ àgbá tà ní Newcastle. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń sanwó wò nínú ilé náà, àtúnṣe ìgbà tirẹ̀ ni. Ní tèmi, ìta rẹ̀ tó wò. Bí owó bá fẹ́ ṣú yín, ẹ lọ sí etí òkun, ẹ wò ó láti ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ọkọ̀ ò dé ilé olódi Dunstanburgh. Láti abúlé Craster, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn tó kìlómítà méjì létí òkun. Bàbá ní àwọn á dúró sí Craster, níbi tí wọ́n ti ń fi èéfín igi yan ẹja ṣáwá láti ayé bàbá ńlá wọn. Mo dá lọ. Thomas, Earl ti Lancaster, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé náà ní 1313, nígbà tí ìjà ti wà láàrin òun àti ọba Edward Kejì. Ìyá kan náà ló bí bàbá àwọn méjèèjì. Ilé ẹnubodè rẹ̀ ga, ó ti ya sí méjì, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Thomas ò rí ibẹ̀ sá sí: wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Boroughbridge ní 1322, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Pontefract, nítòsí ilé olódi tirẹ̀ mìíràn.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá àti awakọ̀ ti jẹ ẹja tán, wọ́n sì ti ra ti ilé. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ọkọ̀. Bí a ṣe wọ A1 padà sí Newcastle, Bàbá ní Otterburn ṣì kù, ti 1388, níbi tí Earl ti Douglas, ìjòyè Skọ́tlándì kan, ti kú sójú ogun tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì ṣẹ́gun. Awakọ̀ ní òun ò níṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Mo ní kí wọ́n bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ owó.