Akin kan ti kọjá níbí rí

Ọdún kẹta mi nìyí ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, alẹ́ ni mo sì máa ń wakọ̀ káàkiri. Abúlé kan wà lójú ọ̀nà mi, Holme-on-Spalding Moor. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibi tí òtútù ti ń wọni léegun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí.

Àṣé ọmọ ilé wa ti ń gbéra níbẹ̀ lóru, tí kò dá a lójú pé òun yóò padà wá jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Akin Shenbanjo ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà nínú Ẹgbẹ́ 76 ti RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí ó fi abúlé yìí ṣe ibùdó láti 1943. Halifax ni ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù, èèyàn méje ní ń wọ̀ ọ́. Wáyálẹ́ẹ̀sì ni iṣẹ́ Akin, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìbọn mọ́ ọn. Abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni oníwáyálẹ́ẹ̀sì máa ń jókòó sí nínú Halifax, nínú ihò tóóró, yóò dẹ etí sílẹ̀ fún ohùn ilé: ṣé kí wọ́n máa lọ ni, àbí kí wọ́n ṣẹ́rí padà?

Wọ́n fún un ní DFC, àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń fò fi ọkọ̀ wọn sọrí rẹ̀: "Achtung! The Black Prince." Achtung, èdè Jámánì ni, ẹ ṣọ́ra! Ẹ ṣọ́ra, Ọmọọba Dúdú ń bọ̀! Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n ń wá orúkọ ogun fún ẹni tó ti ń jẹ́ Akin.

Bẹ́ẹ̀, kó tó di October 1939, òfin RAF ni pé ẹni tí kì í bá ṣe ìran òyìnbó kò gbọdọ̀ di ọ̀gá ológun níbẹ̀. Ìgbà tí ilé fẹ́ jó ni wọ́n rántí pé dúdú náà lè gbé omi. Nínú nǹkan bí 125,000 tó fò fún Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù, 55,573 ló kú. Mi ò sì ní gbójú fo èyí: bọ́ǹbù wọn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún aráàlú ní Hamburg ní July 1943, tọmọdé tàgbà. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé méjèèjì sọ́kàn pọ̀.

Èmi náà, Akin ni. "Ékìn" ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Lóru Tuesday, hítà ọkọ̀ mi kú, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo ń fẹ́ èémí sí ọwọ́. Fóònù dún. Ohùn ọ́fíìsì ń já gààgàà.

"Ékìn, ibo lo wà?"

Mo ní Holme ni. Mo ní mo ti ń padà bọ̀.