Dirham 200 fún àsíá? Ó tì o!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú bí inú mi ṣe ń bí mi jáde. Ní Marrakech, ìlú kan ní Mòrókò, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé àlejò ni yín, owó ọjà á ti gun òkè àjà kí ẹ tó kí wọn tán. Awakọ̀ takisí kọ̀ jálẹ̀, kò tan mítà tó ń ka owó ọkọ̀. Ó ní ó ti bàjẹ́. Ohun tí èyí tí mo wọ̀ ṣáájú rẹ̀ náà sọ nìyẹn! Àfi bíi pé àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo mítà ìlú yẹn.

Ọ̀rọ̀ àsíá ló wá bí mi nínú jù. Pupa ni àsíá Mòrókò, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé onígun márùn-ún ló wà láàárín rẹ̀. Kò síbi tí ẹ ò ti ní rí i: orí ilé ìjọba, ẹ̀yìn alùpùpù, iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, àwọn ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Ife Àgbáyé, ní 2022. Èmi náà fẹ́ ra ọ̀kan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Jemaa el-Fna, ọ̀gbẹ́ni kan na ọ̀kan sí mi: dirham 200, owó Mòrókò nìyẹn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè fà ya! Mo ní 30. Ó gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀, ó ní ọmọ ń bẹ nílé tí òun ń bọ́. Mo kẹ̀yìn sí i, ó já a wálẹ̀ sí 120. Mo gbẹ́sẹ̀, ó di 80. Ìgbà tí mo tún un wò dáadáa, ìràwọ̀ ọ̀hún kún dí bíi ti Vietnam! Ti Mòrókò kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìlà ni wọ́n fi yà á, pupa á sì hàn láàárín. Mo fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà Fez, ìlú mìíràn ní Mòrókò, jìn, mo sùn nínú ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni ara ti wá tù mí. Nítòsí sáwíyà (ilé ìjọsìn) Ṣéù Ahmad Tijani, níbi tí àwọn ọmọ Tijáníyà, ìyẹn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Nàìjíríà máa ń wá ṣe àbẹ̀wò, mo bá bàbá aránṣọ kan pàdé. Ó ní kí n jókòó, ó bu tíì ewé míǹtì fún mi (ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ̀?). Ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń túmọ̀ fún mi.

Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ìràwọ̀ náà láì gbé ọwọ́ sókè, ìlà márùn-ún tó ń gba orí ara wọn kọjá. Ó ní òpó Ìsìláàmù márààrún ni igun rẹ̀. Pupa lásán ni àsíá wọn tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ìdílé Alawi tó ṣì ń jọba títí di òní. Ní November 1915, nígbà tí àwọn Faransé ti wà lórí wọn, ni Sultan Moulay Youssef fi ìràwọ̀ sí i. Òmìnira dé ní 1956, wọn ò pa á rẹ́.

Ogójì dirham ló ta tirẹ̀ fún mi, aṣọ tó nípọn, ìràwọ̀ tó pé. Mi ò tilẹ̀ ná an.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ dúró de Fez kí ẹ tó ra nǹkan. Ní ti takisí Marrakech, ẹ bá awakọ̀ sọ iye owó kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá fi orí kunkun, ẹ fẹsẹ̀ rìn.