Olè ló bá wa tọ́jú ẹrù Pazyryk

Púpọ̀ àwọn tó ń wọ Hermitage, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Saint Petersburg, òkè ni wọ́n ń sáré lọ, níbi tí àwòrán àwọn ará Yúróòpù wà. Èmi àti àbúrò mi tó ń kàwé ní Rọ́ṣíà yà sí ìsàlẹ̀ ní tiwa. Kò sí èrò níbẹ̀, iná ibẹ̀ ń ṣe bàìbàì nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń ba aṣọ jẹ́, ìyá àgbà kan sì jókòó sígun, ó ń ṣọ́ wa bí ẹni pé a fẹ́ gbé nǹkan.

Ẹrù òkú ló kún ibẹ̀. Pazyryk ni orúkọ àfonífojì tí wọ́n ti hú u, lórí òkè Altai ní gúúsù Siberia, níbi tí àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin gbé ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Bí ìjòyè wọn bá kú, wọn a gbẹ́ kòtò jíjìn, wọn a fi gẹdú kọ́ yàrá sínú rẹ̀, wọn a wá kó òkúta jọ gègèrè lé e. Awalẹ̀pìtàn Mikhail Gryaznov hú ọ̀kan ní 1929. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sergei Rudenko hú mẹ́rin sí i láàárín 1947 sí 1949.

Olè ti ṣáájú wọn débẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n dá òrùlé igi lu, wọ́n palẹ̀ wúrà mọ́, wọ́n bá tiwọn lọ láìdí ihò. Omi gba ojú ihò wọlé, ó di yìnyín, òkúta orí ibojì kò sì jẹ́ kí oòrùn rí i yọ́. Irun àgùntàn, awọ, igi, títí kan ara èèyàn, gbogbo ohun tó yẹ kó ti jẹrà wà níbẹ̀ digbí. Omi gbígbóná ni Rudenko àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń dà sí yìnyín kí wọ́n tó lè kó wọn jáde. Ní tèmi, ohun tó dára jù lọ ni àwọn olè náà fi sílẹ̀.

Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì tó ti inú ibojì karùn-ún jáde. Kò tóbi, nǹkan bí mítà méjì níbùú lóròó, àmọ́ kókó tí wọ́n so sí i lé ní mílíọ̀nù kan. Àgbọ̀nrín 24 ló tò yí i ká, ẹlẹ́ṣin 28 sì wà létí: ọ̀kan gun ẹṣin, èkejì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ìrù ẹṣin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ta ní kókó. Mo sún mọ́ gíláàsì títí ìyá àgbà fi wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o," àbúrò mi ní, "wọ́n á lé wa jáde."

Kẹ̀kẹ́ ẹṣin onígi kan wà nítòsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga tó èèyàn, sípóòkì kún wọn bámúbámú. Àwọn ẹṣin gan-an ṣe abọ́bakú: mẹ́wàá ni wọ́n bá nínú ibojì àkọ́kọ́, wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín tí wọ́n fi awọ ṣe dé òmíràn lórí. Aṣọ ṣẹ́dà láti Ṣáínà, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya ẹyẹ sí, gàárì ni wọ́n fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́! Àwọn wọ̀nyí kò tálákà rárá.

Òkú wọn ni n kò lè wò pẹ́. Wọ́n fín ara wọn. Ní 2025, àwọn onímọ̀ gbé àwòrán táátù obìnrin inú ibojì karùn-ún jáde, kámẹ́rà tó ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n lò: ẹranko bí ẹkùn ń kọlu àgbọ̀nrín lápá rẹ̀. Iṣẹ́ táátù apá ọ̀tún dára ju ti òsì lọ, bóyá ọwọ́ ẹni méjì ni, bóyá ọwọ́ ẹni kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Obìnrin mìíràn tó jẹ́ irú wọn, tí awalẹ̀pìtàn Natalia Polosmak hú ní Ukok lórí òkè Altai ní 1993, kò sí níbí. Ìlú Novosibirsk ni wọ́n gbé e lọ, àwọn ará Altai sì bínú títí wọ́n fi dá a padà sí Gorno-Altaisk, olú ìlú Altai, ní 2012. Ẹ̀yìn àwọn ará Altai ni mo wà. Àbúrò mi ti ń wo owó ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ síbẹ̀, ó sì ti ń bi mí ta ni yóò san án.