Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí títún áńpù gìtá àtijọ́ ṣe

Púpọ̀ nínú àwọn áńpù gìtá àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí wọ́n ń gbé tọ̀ mí wá ló jẹ́ pé ẹlòmíràn ti tú wọn wò ṣáájú mi. Wọ́n á ti pààrọ̀ fáàfù (ìgò bíi gílóòbù tó ń sọ ohùn di ńlá), wọ́n á ti fi lẹ́ẹ̀dì jó kàpásítọ̀ tuntun (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) mọ́ ọn, síbẹ̀ ohun tó ń ṣe é ò ní kúrò lára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fetí sí i, kí ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó jó ohunkóhun kúrò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ṣáájú o. Iná inú áńpù oní-fáàfù sábà máa ń tó 300 sí 500 fólítì, àwọn kàpásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ sì lè di iná yẹn mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ó lè pa èèyàn. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: màá yọ ọ́ lára iná, màá so ẹsẹ̀ kan rẹsísítọ̀ ńlá 10,000 óòmù (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) mọ́ irin ara áńpù, màá wá fi ọwọ́ kan ṣoṣo fi kílíìpù onírọ́bà gbé ẹsẹ̀ kejì kan ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù kàpásítọ̀, ọwọ́ mi kejì á wà lẹ́yìn. Mítà ló máa sọ fún mi pé iná ti tán. Mo máa ń fi kílíìpù yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ títí mo fi máa parí iṣẹ́, torí kàpásítọ̀ a máa jí díẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Àwọn áńpù tó ń lo wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tún ń kó mi láyà sókè. Kàpásítọ̀ kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó so iná ògiri mọ́ irin ara áńpù. Bó bá bàjẹ́ nínú, ìka tó wà lórí okùn gìtá ló máa gba iná náà. Ẹ yọ kàpásítọ̀ náà, ẹ fi wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà, kí ẹ sì de wáyà ilẹ̀ mọ́ irin ara áńpù gírígírí. Mi ò gba àwáwí pé “bó ṣe wà látilẹ̀ ni mo fẹ́” lórí èyí.

Kí ẹ tó tan áńpù tó ti pẹ́ tí wọn ò lò, ẹ so gílóòbù oníwáyà àtijọ́ kan sáàárín ọ̀nà iná rẹ̀, kì í ṣe ti LED. Bó bá tàn yòò tí kò rọlẹ̀, nǹkan kan ti gbá ara wọn mú nínú. Ẹ pa á kíá. Kí sípíkà sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tìránsífọ́mà tó ń bọ́ sípíkà lè jó.

Ó wá ku etí. Áńpù tó ń kùn, irú kíkùn wo ló ń kùn? Níbi tí iná ògiri bá ti jẹ́ 50 Hz (ìyẹn ìgbà àádọ́ta tó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), kíkùn tó wá láti ara kàpásítọ̀ tó ti gbẹ máa ń wà ní 100 Hz. Ẹ tẹ okùn gìtá tó nípọn jù ní fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kẹta: 98 Hz nìyẹn. Bí kíkùn náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ọ̀dọ̀ àwọn kàpásítọ̀ ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 60 Hz, 120 ni ẹ máa gbọ́, ó sì bọ́ sáàárín fírẹ́ẹ̀tì kìíní àti ìkejì lórí okùn karùn-ún. Èyí tó bá relẹ̀ ju gbogbo okùn gìtá lọ, wáyà tó ń gbé iná lọ mú fáàfù gbóná tàbí ọ̀nà ilẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Èyí tó ń ta pàràpàrà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ máa kan fáàfù àti ojú lẹ́ẹ̀dì, ibi tí wọ́n ti jó nǹkan pọ̀, díẹ̀díẹ̀ nígbà tó wà lórí iná. Ibi tí ariwo bá ti pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni. Bí igi ò bá rí nǹkan kan, àwọn rẹsísítọ̀ 100,000 óòmù tó ń bọ́ àwọn fáàfù kékeré ló kàn.

Wọ́n gbé áńpù kan wá fún mi tó ní fáàfù EL84 méjì, irú èyí tó ń ti sípíkà. Olówó rẹ̀ ti ra fáàfù tuntun, ọ̀kan ṣì ń gbóná kọjá àlà. Mo pa iná yàrá, mo sì rí ojú pupa kan lára irin inú fáàfù náà, ó ń tàn bí ẹyin iná. Mo pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì: pupa náà kò tẹ̀lé fáàfù, ojú ihò tí wọ́n ti ń ki fáàfù bọ̀ ló dúró sí. Ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ fáàfù mọ́ nìyẹn. Mo wọn ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọlé, níbi tó yẹ kó jẹ́ òdo, mo bá iná pọ́sítíìfù níbẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan kàpásítọ̀ tó ń gbé ohùn wá síbẹ̀ kúrò, iná náà sì pòórá. Kàpásítọ̀ yẹn ló ń jò. Ká ní pupa yẹn tẹ̀lé fáàfù ni, fáàfù gan-an ni ǹ bá dá lẹ́bi. Òmíràn tuntun, 0.1 µF, 630 fólítì, ló yanjú ẹ̀. Bọ́tìnì ohùn tó ń ha lẹ́yìn tí ẹ ti fi oògùn fọ̀ ọ́, irú kàpásítọ̀ tó ń jò bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀.

Àwòrán ọ̀nà iná ṣe pàtàkì ju fáàfù àfipamọ́ lọ. Bí ẹ ò bá rí ti áńpù yín gan-an, ẹ wá ti èyí tí wọ́n wò ṣe é: áńpù Bassman 5F6-A ti ilé-iṣẹ́ Fender ni ilé-iṣẹ́ Marshall wò ṣe áńpù JTM45 tiwọn.

Ohun àtilẹ̀wá tí ẹ bá yọ, ẹ kó o sínú ọ̀rá fún olówó rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí áńpù náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ó kéré tán nínú àpótí rẹ̀, nítorí àwọn àìsàn kan wà tí kì í yọjú àfi tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbóná.