Ẹ gba káàdì ilé ìwòsàn kí ara tó gbóná

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, láti orílẹ̀-èdè Benin. Òjòó ni mo ń gbé n'Íbàdàn, nínú ilé tí Ẹ̀gùn, Hausa àti ará Tógò kún. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni lágbo ilé wa, kẹ́míìsì la kọ́kọ́ ń sáré lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí: wọ́n ń ṣí dalẹ́, wọ́n sì ń tà fúnni bí owó ọwọ́ ẹni bá ṣe mọ.

Àpòpọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n á gbọn hóró funfun sọ́wọ́, wọ́n á fi yẹ́lò méjì kún un, wọ́n á sọ kápúsù pupa-òun-dúdú kan lé e, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá: “Ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ.” Kò lórúkọ, kò lọ́jọ́. Nígbà tí ojú ọmọ aládùúgbò wa wú lẹ́yìn tó lo irú ẹ̀, nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tó lò. Ọ̀rá òfìfo ni ìyá rẹ̀ nà sí i. Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ kà lára ọ̀rá? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní páálí tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà NAFDAC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn) àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ẹ má jù ú nù títí ara á fi yá.

Kẹ́ ẹ tó lo oògùn ibà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Ẹ̀kán kan láti orí ìka ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà. Artemether-lumefantrine tí wọ́n sábà ń fúnni báyìí, ọjọ́ 3 gbáko ni. Ẹ má ra ìdajì nítorí owó ò pé.

Ìbẹ̀rù pé wọ́n á bèèrè ìwé ìgbélùú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa máa sá fún ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ní ti àdúgbò wa, orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ni wọ́n bi mí kí n tó gba káàdì. Ara mi yá gágá lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo bá lọ. Mo mú ìwé àjẹsára rẹ̀ láti Kútọnú dání. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n BCG, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ife, BCG náà ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá a dé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìwé yẹn sílẹ̀ nílé, mo mọ̀ yín.)

Ikọ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Oògùn ikọ́ ife, tí wọ́n ń pè ní TB, jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Oṣù 6 ni wọ́n sábà ń lò ó. Bí ẹ bá máa relé ọdún láàárín rẹ̀, ẹ tètè sọ, kí wọ́n lè kọ ìwé àtagbà sí ilé ìwòsàn ibẹ̀ fún yín tàbí ka oògùn tó máa tó yín.